Ṣé Àìlágbára Ìjọba Ni Òmìnira Ará Ìlú?

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ìpínlẹ̀ 13 tó para pọ̀ di Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1776, wọ́n kéde pé àwọn kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Lára ohun tó bí wọn nínú ni owó orí tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ń bù lé wọn láìjẹ́ pé wọ́n ní aṣojú níbẹ̀. Nítorí náà, ìwé àdéhùn ìjọba wọn àkọ́kọ́, tó fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1781, kò fún ìjọba àpapọ̀ ní agbára láti gba owó orí rárá. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé bí agbára ìjọba bá ṣe kéré tó ni òmìnira ará ìlú ṣe ń pọ̀ tó?

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe rí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ńlá àti kékeré, ní ìbò kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yí ìwé àdéhùn náà padà, gbogbo ìpínlẹ̀ 13 ló gbọ́dọ̀ gbà. Bí owó bá tán lápò ìjọba, ìgbìmọ̀ yóò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ìpínlẹ̀. Èyí tó bá wù a san, èyí tí kò bá wù a dákẹ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ máa gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun. Rhode Island nìkan ló kọ̀ jálẹ̀ ní ọdún 1782, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ta wá ni ìyà náà jẹ? Àwọn ọmọ ogun tó jà fún òmìnira ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1783, àwọn kan nínú wọn yí ilé ìgbìmọ̀ ká ní Philadelphia, wọ́n ń béèrè owó iṣẹ́ wọn. Pennsylvania kò rán ẹnikẹ́ni wá gba ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ni ìgbìmọ̀ bá kó lọ sí Princeton. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ìjọba yìí ṣèlérí aṣọ, ìhòòhò ni òun fúnra rẹ̀ wà.

Ní Massachusetts, owó orí àti gbèsè fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Daniel Shays, tó ti jagun òmìnira, wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Wọ́n ti ilé ẹjọ́ pa ní ọdún 1786, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1787, wọ́n kọlu ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ní Springfield. Mẹ́rin nínú wọn kú. Ìjọba àpapọ̀ kò rówó gbé ogun dìde. Àwọn oníṣòwò Boston ló dáwó fún ọmọ ogun tó lé àwọn àgbẹ̀ náà ká. Níbi tí ìjọba kò bá ti lágbára, agbára kì í pòórá. Ọwọ́ olówó ló máa ń bọ́ sí.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ìjọba alágbára ni kó wá dára nìyẹn?” Rárá o. Ní ọdún 1787 kan náà, ìgbìmọ̀ aláìlágbára yẹn ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí oko ẹrú ní ilẹ̀ tó wà ní àríwá odò Ohio. Ìwé òfin tuntun tí wọ́n kọ ní Philadelphia lọ́dún náà ní agbára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ka ẹrú márùn-ún sí ènìyàn mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá ń pín aṣojú, ó sì ní ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fòfin de kíkó ẹrú wọlé ṣáájú ọdún 1808. Agbára àti ìwà rere kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ ará ìlú ló fura sí ìwé òfin náà, wọ́n ní àfi kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ àwọn sínú rẹ̀. Ní ọdún 1791, àfikún 10 wọlé, tó sọ ohun tí ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe sí ènìyàn.

Lójú tèmi, ohun méjì ló yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba: ṣé ó lè san gbèsè tó jẹ aláìní, ṣé ohun kan sì wà tó lè dá a dúró bó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ? Èyí tó bá ṣe ọ̀kan tí kò ṣe èkejì, ẹnìkan ni yóò máa forí fá a. Lọ́dún 1783, jagunjagun tí wọn kò sanwó fún ni. Lẹ́yìn ọdún 1787, ẹrú tí wọ́n kà sí ìdajì-ó-lé ènìyàn ni.