Orí Ni, tàbí Ẹsẹ̀ Ẹlòmíràn?

Bí a bá rí ọkùnrin kan tí èrò kì í dá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí ẹni tí ń wá iṣẹ́, ẹni tí ń wá ilé àti ẹni tí ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀ ń wọ́ tọ̀ ọ́, tí aládùúgbò rẹ̀, tí kò kẹ́yìn sí i ní ìmọ̀ tàbí ní ìwà, sì jókòó láìrí ẹni kí i, ohun tí ẹnu wa máa ń yá láti sọ ni pé orí ni ó gbè é. N kò bá orí jà, nítorí orí là bá bọ, à bá f'òrìṣà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni tí ó ń bá orí ṣiṣẹ́.

Ní 1999, Albert-László Barabási àti Réka Albert, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá wọn gíga àwọn ọkùnrin ìlú kan, a kò ní rí ẹni tí ó ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n lórí ìtàkùn ayélujára, okùn ìsopọ̀ díẹ̀ ni ó wọ inú ojú-ewé púpọ̀ jù lọ, nígbà tí ìwọ̀nba díẹ̀ jẹ́ ìkóríta tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn pàdé sí, tí a kò fi lè tọ́ka sí iye kan pé òun ni ti gbogbo wọn. Ohun méjì ni wọ́n ní ó fà á: àsopọ̀ náà ń dàgbà, àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a sì máa yà sọ́dọ̀ ẹni tí èrò ti pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Robert Merton ti rí irú rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 1968, ó sì fi orúkọ Mátíù ajíhìnrere pè é, nítorí òwe tálẹ́ńtì tí ó wà nínú Ìhìn Rere rẹ̀, níbi tí a ti gba ti aláìní fún ẹni tí ó ní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlú. Ìlú Bowie ní Maryland, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé lónìí, ìkóríta ni ó bí i. Oden Bowie, tí ó jẹ́ gómìnà láti 1869 sí 1872, ni ààrẹ ilé-iṣẹ́ tí ó la ojú irin Baltimore and Potomac. Nínú ìwé àṣẹ, Pope's Creek ní gúúsù ni ojú irin gan-an ń lọ, ẹ̀ka lásán sì ni èyí tí ó yà sí Washington. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní 1872, ẹ̀ka di igi, igi di ẹ̀ka, ìlú sì hù níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà. Kí ni Pope's Creek ṣe tí orí rẹ̀ kò fi gbè é? Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Washington ni èrò ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí iléeṣẹ́ Levitt ra ilẹ̀ Belair, tí ó wà ní Bowie náà, ní 1957, tí wọ́n sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sí i, wọn kò ta fún aláwọ̀ dúdú, àwọn ènìyàn sì jáde láti fẹ̀hónú hàn ní 1963. Ẹni tí a tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí okùn ń di púpọ̀, ṣé ẹ ó pe tirẹ̀ ní orí burúkú?

Ẹ jẹ́ kí a bi Ifá. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì ọmọ Ògún àti ọmọ Ìja kò yà síbì kan. Wọ́n mú orí tí ó wù wọ́n lójú, òjò sì fọ̀ ọ́ dànù lọ́nà ayé. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ni ó dúró lọ́dọ̀ oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀, ó sì fún un ní iyọ̀. Oníbodè náà ni ó sìn ín lọ, tí ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe, tí Afùwàpẹ́ fi san gbèsè ẹgbàafà tí ó lé Àjàlá sá sókè àjà, tí Àjàlá fi bá a ṣa orí tí ó jiná. Orí rere gan-an, nípasẹ̀ ẹlòmíràn ni a fi ń rí i! Èyí ni mo gbàgbọ́: ẹni tí ó di ìkóríta, ẹsẹ̀ àwọn tí ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìfisọ́wọ́ ni.

Ní 2000, Albert, Hawoong Jeong àti Barabási fi hàn pé bí a bá ń yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú irú àsopọ̀ tí ó ní ìkóríta bẹ́ẹ̀ láìṣà, yóò fara dà á. Ṣùgbọ́n bí a bá dìídì yọ ìkóríta ńlá díẹ̀, gbogbo rẹ̀ a fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èyí bà mí lẹ́rù fún wa nílẹ̀ òkèèrè. Pásítọ̀ kan tàbí alága ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó so púpọ̀ nínú wa pọ̀. Bí ó bá ṣípò padà, àwọn tí wọ́n ti jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu a wá rí i pé wọn kò ní nọ́ńbà fóònù ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kò sì di dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Anna Broido àti Aaron Clauset yẹ nǹkan bí 1,000 àsopọ̀ wò ní 2019, èyí tí ó bá àpèjúwe Barabási mu ní kíkún kò sì pọ̀. Àwa náà ní èsúsú, tí Samuel Johnson ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921: iye kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o kò sì ní kó ju ẹni tí ó kó o gbẹ̀yìn lọ.