Mímọ Ẹ̀sìn Ẹlòmíràn Kì í Ṣe Gbígbà Á

Ọmọ tó bá dàgbà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti mọ àwọn òkè ìlú yìí kó tó mọ ìwé. Ó gbọ́ pé orí wọn ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun Dáhómẹ̀, ó sì mọ̀ pé àwọn kan ń bọ wọ́n. Nígbà tó bá dé kíláàsì, olùkọ́ yóò kọ́ ọ pé òkúta ni òkè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá béèrè ìdí tí aládùúgbò rẹ̀ fi ń bọ òkúta, ta ni yóò dá a lóhùn?

Olùkọ́ mìíràn yóò dákẹ́, yóò ní òfin ló ní kí òun dákẹ́. Lóòótọ́, Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ní abala kejì pé orílẹ̀-èdè wa jẹ́ « laïque »: kò fi ara rẹ̀ fún ẹ̀sìn kankan. Abala 23 sì dáàbò bo òmìnira ẹ̀sìn oníkálukú. Àìṣègbè ni òfin béèrè. Kò béèrè àìmọ̀. Ìjọba kan náà ló fún wa ní ìsinmi inú oṣù Kìíní fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ti Kérésìmesì àti ti ọdún Iléyá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹ̀ wò: Èṣù. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ yìí ni wọ́n fún ọ̀tá Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí náà ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ oníṣẹ̀ṣe, òrìṣà oríta tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run ni Èṣù. Olùkọ́ tó bá kọ « Èṣù » sójú pátákó, tó sì kọ « diable » tì í, ti dájọ́ kó tó kọ́ni, ọmọ oníṣẹ̀ṣe tó jókòó níwájú rẹ̀ sì ti gbọ́ ìdájọ́ náà. Èyí tó bá sọ pé ìtumọ̀ méjì ló wà, tó sì ṣàlàyé bí èkejì ṣe dé, kò yí ẹnikẹ́ni lẹ́sìn padà. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ̀rù àwọn òbí yé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tó mọ̀ pé Mùsùlùmí ń kírun nígbà márùn-ún lóòjọ́ kò tíì di Mùsùlùmí; ó kàn mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dìde kúrò nídìí eré.

Ìbéèrè kan le ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí Bíbélì tàbí Kùránì. Awo wà nínú Egúngún àti Orò tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ mọ̀. Ṣé kí olùkọ́ tú u ni? Rárá o. Ohun tí gbogbo ìlú ń rí ní gbangba tó kọ́: ìtàn, ọjọ́ ọdún, ìdí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún baba tó ti lọ. Kí ọmọ mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà tí a kì í ṣí, ẹ̀kọ́ nìyẹn pẹ̀lú.

A máa ń sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Kíláàsì kì í ṣe ojú ọ̀run. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni ọmọ ẹlẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jókòó sí, wọ́n sì ń fara kanra lójoojúmọ́. Bí ilé-ìwé kò bá kọ́ wọn ní ohun tí ọmọnìkejì wọn ń ṣe, ẹlẹ́gàn yóò kọ́ wọn.