Ojúlówó Táyà àti Ojúlówó Òtítọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí kò mọ sí orí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó ń kọ́ni pé ọjọ́ orí jẹ́ ohun tí owó kò lè rà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó yẹ kí á sọ nípa ẹni tí ó mú ohun tuntun, tí ó fi àkísà wọ̀ ọ́, kí aráyé lè máa pè é ní àgbà? Ìbéèrè yìí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀ràn kan tí ó kéré lójú, ìyẹn ọ̀ràn táyà lọ́rì ológun ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, lè fi ìjìnlẹ̀ rẹ̀ hàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Faransé àti Họ́láńdì, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi owó àti agbára wọn tún àwọn ọkọ̀ tí ó jagun láàrin ọdún 1939 sí 1945 ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, púpọ̀ nínú wọn a máa wa ọkọ̀ wọn lọ sí Normandy, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti gúnlẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà ní ọdún 1944. Irin tí ó bá dípẹtà ṣeé fi òmíràn rọ́pò. Ọ̀dà ṣeé pò títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi bá ti àtijọ́ mu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan táyà, àríyànjiyàn a bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan gbà pé ọkọ̀ tí kò ní ojúlówó táyà rẹ̀ jẹ́ irọ́ tí ó ń rìn. Lójú àwọn mìíràn, rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́.

Àmì tí a fi ń dá táyà wọ̀nyí mọ̀ kò ṣòro láti kà. Èkíní ni ìwọ̀n. Lọ́rì GMC tí a mọ̀ sí CCKW, tí Amẹ́ríkà ṣe ju 500,000 lọ nínú rẹ̀, táyà 7.50-20 ni ó ń lò. Jíìpù kékeré sì ń lo 6.00-16. Èkejì ni ojú táyà. Ti ológun Amẹ́ríkà ní ègé rọ́bà nínípọn tí a tò ní ìdábùú, tí kò ní iwájú, tí kò ní ẹ̀yìn. Bí a bá dè é sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀kẹta ni òwú inú rẹ̀, tí ó máa ń gba orí ara wọn kọjá ní ìdábùú. Ọdún 1946 ni ilé-iṣẹ́ Michelin gba ìwé àṣẹ lórí irú táyà mìíràn tí òwú rẹ̀ gba ọ̀nà tààrà láti etí kan dé èkejì. Nítorí náà, táyà tí lẹ́tà R ìrú táyà bẹ́ẹ̀ wà láàrin ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà ogun. Ẹ̀kẹrin ni lẹ́tà DOT. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó ìrìnnà ni lẹ́tà wọ̀nyí dúró fún, ilé-iṣẹ́ náà kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọdún 1967.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò ṣàkíyèsí pé àwọn àmì wọ̀nyí mọ̀ ọ́n kọ̀ ju kí wọ́n mọ̀ ọ́n gbà lọ. R àti DOT lè dá táyà lẹ́bi, ṣùgbọ́n àìsí wọn kò tó láti dá a láre. Ogun parí ní ọdún 1945, síbẹ̀ wọn kò dẹ́kun ṣíṣe táyà olójú bẹ́ẹ̀. Wọ́n lò ó ní Kòríà ní ọdún 1950 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ojú táyà nìkan, tí ó sì búra pé ó jagun, ti sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ sì ní ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, Japan gba Màláyà àti àwọn erékùṣù tí Họ́láńdì ń ṣàkóso ní Éṣíà, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rọ́bà tí Amẹ́ríkà ń rà sì dúró. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì yíjú sí Áfíríkà. Wọ́n rọ àwọn ará oko ní Nàìjíríà pé kí wọ́n kọ igi rọ́bà lára, àti èyí tí a gbìn àti èyí tí ó lalẹ̀ hù nínú igbó. Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà tí wọ́n yọ láti inú epo rọ̀bì àti ọtí líle ṣe rọ́bà àtọwọ́dá. Rọ́bà yìí a máa tètè gbóná bí ẹrù bá wúwo, nítorí náà wọ́n ṣì ń lú rọ́bà igi mọ́ ọn fún táyà ńlá. Táyà ìgbà ogun tipa bẹ́ẹ̀ di ẹlẹ́rìí: àìtó, làálàá àti ọgbọ́n àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ lè rí i.

Kí wá ni ojúlówó? Ìtumọ̀ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀. Èkíní ni táyà tí ó bá ọkọ̀ náà jáde láti ilé-iṣẹ́. Èkejì ni táyà irú rẹ̀ tí a ṣe ní ìgbà náà gan-an. Ẹ̀kẹta ni táyà òní tí a ṣe ní àwòrán ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka èkíní sí ọba, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1944, àwọn lọ́rì Amẹ́ríkà kó ẹrù tí ó lé ní 400,000 tọ́ọ̀nù la ilẹ̀ Faransé kọjá, lójú ọ̀nà tí wọ́n pè ní Red Ball Express. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn awakọ̀ náà ni ó jẹ́ ènìyàn dúdú, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Tọ̀sántòru ni wọ́n ń wakọ̀. Ẹrù pàpọ̀jù, agolo oúnjẹ tí a jù sójú títì sì ń gé táyà. Wọ́n ń pààrọ̀ wọn láìsinmi. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ọkọ̀ tí táyà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí di òní, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí kò sin ogun rárá. Èyí tí ó ṣiṣẹ́ ni ó pàdánù ohun tí wọ́n ń pè ní ojúlówó.

Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ti wo irú ọ̀ràn yìí rí. Plutarch ará Gíríìkì sọ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus, tí àwọn ará Athens ń yọ pákó rẹ̀ tí ó bá jẹrà, tí wọ́n ń fi tuntun sí i, títí àwọn ọ̀mọ̀ràn fi ń jiyàn bóyá ọkọ̀ náà ni tàbí òmíràn. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes fi kún un pé, bí ẹnìkan bá ṣa àwọn ògbólógbòó pákó náà jọ, tí ó sì tún wọn kàn, èwo ni ti Theseus nínú méjèèjì? Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìlù tí a pààrọ̀ awọ rẹ̀ kò di ìlù mìíràn. Ẹ̀kú tí ìdílé ń fi aṣọ tuntun lé lọ́dọọdún kò sọ egúngún wọn di àlejò. Ìdí ni pé kò sí ẹni tí ó fi ìpààrọ̀ náà pamọ́. Gbogbo agbo ilé ni ó mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ yẹn gan-an ni ó sì so ti àná pọ̀ mọ́ ti òní.

Níbí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó fi táyà tuntun sẹ́sẹ̀ lọ́rì rẹ̀, tí ó sì jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kò purọ́. Ẹni tí ó fi ọ̀bẹ họ lẹ́tà DOT kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí ó wá ń tà á bí ohun ogun, ti purọ́. Àwọn kan lè béèrè pé ta ni èyí pa lára, níwọ̀n ìgbà tí inú òǹrajà dùn? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ìdùnnú òǹrajà kò sọ èké di òtítọ́. Ẹni tí yóò kọ́ ìtàn lára táyà náà lọ́la ni a tàn jẹ. A sì tún ṣẹ̀ sí àwọn awakọ̀ tí wọ́n jẹ táyà tán lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ẹ̀rí tí kì í ṣe tiwọn ni a gbé kalẹ̀ lórúkọ wọn.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ nìkan kọ́ ni ojúṣe ẹni tí ó ni ọkọ̀. Rọ́bà a máa gbó, a máa le, a sì máa sán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àká ni ó wà. Ẹni tí ó bá fi táyà tí ó ti lé ní 75 ọdún gbé ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù irin gba àárín ọjà kọjá, nítorí ìfẹ́ ojúlówó, ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ bọ ohun àtijọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àpọ́nlé tí ó tọ́ sí òkú kò gbọdọ̀ di ewu fún alààyè.

Ojúṣe méjèèjì yìí kò ta ko ara wọn bí a bá mọ ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ipò ògbólógbòó táyà ni ibi ìpamọ́, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ láìfi àbùmọ́ kún un. Ipò táyà tuntun sì ni ojú títì, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ láìhọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọkọ̀ tí olúwa rẹ̀ lè tọ́ka sí tuntun àti àtijọ́ ara rẹ̀ láìtijú, òun ni ojúlówó, ìbáà jẹ́ pé àná ni wọ́n ṣe gbogbo táyà ẹsẹ̀ rẹ̀.