Ẹni Tó Dé Èkó Tí Kò Gbọ́n

"Ẹni tó bá dé Èkó tí kò gbọ́n, bó dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kò lè gbọ́n mọ́." Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ṣómólú ni wọ́n ti pa á létí mi láìpẹ́ yìí, inú sì bí mi débi pé oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi kò lọ lọ́nà ọ̀fun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta ata ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ní Èkìtì, ló wá kí ọmọ tuntun. Wọn kò dé Èkó rí. Wọ́n sọ̀ ní Ọ̀jọ́ta, wọ́n wọ dánfó, wọ́n na ẹgbẹ̀rún náírà sí kọ̀ńdọ́. Kọ̀ńdọ́ náà ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣéńjì yín ń bọ̀." Nígbà tí ọkọ̀ dé Onípáànù, ó so màmá pọ̀ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ sọ̀ níbẹ̀, ó fi owó kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́ pé kí àwọn méjèèjì lọ ṣẹ́ ẹ, ọkọ̀ sì ṣí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí màmá dúró, òun ń lọ ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì títì. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n, kí wọ́n tó gbà pé onítọ̀hún kò ní padà wá.

Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ nílé ìkómọ, èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún ló wá pa òwe yìí, ẹ̀rín tún gba ilé kan. Ẹ̀gbọ́n mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni àlejò ìbá tún ṣe láàárín èrò?

Òwe náà kò ṣòro tú. Ó ka Èkó sí ibi tí ojú ti ń là, ó sì ka Lọ́ńdọ́ọ̀nù sí ibi tó kàn: ẹni tí ìlú àkọ́kọ́ kò là lójú, ìlú kejì kò ní rí i ṣe. Ó ní ibi tó ti ṣẹ̀. Láti 1861 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó, ibẹ̀ ni ohun tó bá ti òkè òkun wá ti ń kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó; ó di 1901 kí ó tó wọ Ìbàdàn. Ọdún 1901 yìí kan náà ni wọ́n parí afárá Carter tó so erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó. Ọmọ tó bá ń lọ kàwé nílùú Ọba, Èkó ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, ẹni tó ti òkè wá sí Èkó láyé ọjọ́un ti rin lára ìrìn Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní tòótọ́. Bí ìyá kan bá pa òwe yìí fún ọmọ rẹ̀ tó ń di ẹrù lọ́wọ́, ohun tó ń sọ ni pé: ọmọ mi, má sùn, kọ́ ohun tí o bá rí. N kò bá a jà níbẹ̀.

Ìgbà tí a ń pa á ni mo ń bá jà. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pa á fún ẹni tó ṣì wà nílé tó ń múra ìrìn àjò. Ẹni tí wọ́n ti jà lólè là ń pa á fún. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan ra fóònù láàárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ó délé, ó tú u, pátákó ló bá nínú rẹ̀. Òwe náà ti dúró dè é. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀, ó kó owó ilé ìwé rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Kí omi tó gbẹ lójú rẹ̀, wọ́n ti pa á fún un. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ìkìlọ̀ níwájú ti di ìdájọ́ lẹ́yìn, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló sì ń gba ìdájọ́ náà.

Nílùú tí a ti bí mi, bí iṣu bá sọnù lóko, ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè ni pé: ta ló jí i? L'Ékòó, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: kí ló dé tí o kò la ojú rẹ? Ẹjọ́ ti kúrò lórùn olè, ó ti bọ́ sórùn olóhun. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, mo tẹ́tí títí kí ẹnìkan lè sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa kọ̀ńdọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ so ìyá àgbà mọ́ àjèjì kó lè rọrùn fún òun. N kò gbọ́. Kò sí òwe fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ṣéńjì sá lọ. Kò sí ẹni tó ní ọmọ tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ jẹun l'Ékòó, bó dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, olè ni yóò jà níbẹ̀. Òun la kà sí ọlọ́gbọ́n.

Kí sì ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe gan-an tí a fi pè wọ́n lẹ́ni tí kò gbọ́n? Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ wọn lọ gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń tajà ní Òkè-Ìmẹ̀sí nìyẹn: olóńjẹ á gbé ata lọ lónìí, á mú owó wá lọ́jọ́ ọjà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tọ́ ọmọ mẹ́fà. Àwa ará Èkó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ àìsàn tó ń ti ìgbèríko bọ̀. Irọ́ ni. Ẹ lọ sí Mile 12 láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹ wo iye ẹrù tí wọ́n ń gbé láwìn, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wà láàárín ẹni tó kó o wá àti ẹni tó gbé e. Ẹ lọ sí Balógun kí ẹ wo àwọn ìyá tó ń da àjọ, tí wọ́n ń fa owó òòjọ́ wọn lé alájọ lọ́wọ́, tó jẹ́ pé káàdì pẹlẹbẹ kan ni ẹ̀rí wọn. Bí gbogbo Èkó bá gbọ́n bí òwe yìí ṣe fẹ́ kó gbọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, ọjà kò ní ná, oúnjẹ kò sì ní dé inú ìkòkò wa. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jí kọjá owó. Ó jí nínú ohun tí ìlú fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n mi yìí rí lọ́jọ́ kejì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù.

A ń lọ sí Marina. A gba Gbàgádà jáde sí Òwòròǹṣókí, a gun afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n parí lọ́dún 1990, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Wọ́n ń wo omi, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Mákòkó yọ lápá ọ̀tún, àwọn ilé pákó tó dúró lórí òpó nínú ọ̀sà, èéfín ẹja ń rú lórí wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, "Àbúrò, àwọn tó ń gbé orí omi yìí, níbo ni wọ́n ń sin òkú wọn sí?"

N kò lè dá wọn lóhùn. Mo bi awakọ̀, ẹni tó ti ń gba orí afárá yẹn kọjá tipẹ́tipẹ́. Ó ní kò wá sí òun lọ́kàn rí. Àwa méjèèjì tí a ti gbọ́n l'Ékòó, a ti ń fojú rí ilé àwọn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa láti ọdún mọ́dún, kò sì ṣe wá bíi ká mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé àti bí wọ́n ṣe ń kú. Ẹni tó dé lánàá ló ro ti òkú wọn. Ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́, tó mọ̀ pé ibi tí a sin bàbá ẹni sí ni ilé ẹni, òun ló lè béèrè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, a gba Òṣòdì. Ọkùnrin kan nà gbalaja sábẹ́ afárá, èrò ń fò ó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ pé kí a máa lọ. Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni?" Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ó ń mí?" Wọn kò gbé ẹsẹ̀ títí wọ́n fi rí i pé àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Wọ́n ra omi àti búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a tó kúrò. Wọ́n kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ọ̀pọ̀ kò dáhùn, wọn kò sì yé kí wọn.

Tí a bá ní ọgbọ́n ni Èkó ń kọ́ni, a gbọ́dọ̀ fi kún un pé Èkó tún ń kọ́ni láti má rí. Ẹni tó bá ń dúró ti gbogbo ẹni tó nà sílẹ̀ ní Òṣòdì kò ní tètè dé ibi iṣẹ́, mo mọ̀. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó ń yára. Ṣùgbọ́n kí a má wá pe yíyára náà ní ọgbọ́n, kí a fi máa wo ẹni tó dúró bí òmùgọ̀.

Àwọn ará Èkó àtijọ́ pàápàá, ọgbọ́n ìlú wọn kò dá wọn lójú tó bẹ́ẹ̀. Láti 1929 ni I. B. Thomas ti ń gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, kí ó tó di ìwé lọ́dún 1930. Obìnrin tó mọ gbogbo kọ́lọ́fín Èkó ni, kò sí ọkùnrin tí kò lè yí lórí. Orí àìsàn ló ti ń kọ lẹ́tà, tó ń ka àbámọ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ létí. Bí a bá fi òwe wa wọ̀n ọ́n, ta ni ìbá gbọ́n tó o? Àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ èsì rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ìlú le, pé bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ gún àlejò lára, ohun tó burú ju ṣéńjì lọ ni yóò bá a. Mo gbà pé ìlú le. Àwọn kan wà tí wọ́n wọ ọkọ̀ "one chance" àwọn ọlọ́ṣà tí wọn kò délé mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù bá ń bà wá fún àlejò lóòótọ́, ẹnu wa kò yẹ kó dúró di ìgbà tí ó bá sunkún. Kí àlejò tó kúrò nílé ni kí a pè é lórí fóònù: ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, nítorí kọ̀ńdọ́ á pariwo pé "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ", ẹ béèrè iye owó ọkọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè, bí ẹ bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀, ẹ ké "Ó wà o!", ẹ má ra ohunkóhun lójú fèrèsé ọkọ̀, ọkọ̀ tí èrò inú rẹ̀ ń wo ara wọn lójú, ẹ má wọ̀ ọ́. Ó tán. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọ́ tán pátá, àtọmọdé àtàgbà ló sì lè kọ́ ọ. Ohun tó kéré báyìí ni a fi ń sọ fún obìnrin tó ti sin ọkọ, tó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà, tó ti la ìjà ilẹ̀ láàárín ẹbí, pé kò lè gbọ́n mọ́ láyé.

"Kò lè gbọ́n mọ́." Apá ibẹ̀ gan-an ni n kò lè gbà. Àwọn baba wa kì í ti ilẹ̀kùn ọgbọ́n mọ́ ẹnikẹ́ni báyìí. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ìyẹn ni pé títí ọjọ́ ikú lèèyàn ń gbà nínú ti ẹlòmíràn.

Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí òwe náà fi ń dẹ́rù bani ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà níbẹ̀ báyìí, ní Peckham àti ní ibòmíràn. Láti ọdún 2014, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, káàdì ni wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ. Àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí kò sí kọ̀ńdọ́ tó lè rẹ́ ẹ jẹ, yóò dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì yẹn pẹ̀lú owó pọ́n-ùn lọ́wọ́, awakọ̀ á mi orí, èrò á tò sẹ́yìn rẹ̀, òtútù á máa mú un. Kò ya òmùgọ̀ níbẹ̀. Wọn kò tíì sọ fún un ni.