Ẹni Gun Ẹṣin, Ilẹ̀ Ló Ń Bọ̀

Ẹlẹ́ṣin ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí: bó ti wù kó ga tó lórí gàárì, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ní Dópèmú ní Èkó, ẹṣin gan-an ló ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹ wo Mercedes-Benz S500 ti 1998 sí 2005, tòkunbọ̀ tó ti pọ́n. Afẹ́fẹ́ ló gbé e ró, kì í ṣe sípíríǹgì. Bí rọ́bà tí afẹ́fẹ́ náà wà nínú rẹ̀ bá sán, ẹ ó jí láàárọ̀, ẹ ó bá ọkọ̀ ọlọ́lá tó ti dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń wà á bẹ́ẹ̀ yóò tún pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, nítorí ẹ̀rọ náà kò ní í sinmi mọ́. Kòtò ọ̀nà Abẹ́òkúta kò sì mọ ọlọ́lá. Àwọn kan a yọ gbogbo ètò afẹ́fẹ́ náà dànù, wọ́n a fi sípíríǹgì lásán sí i. Èmi ò bá wọn jà.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́? Púlọ́ọ̀gì 16 ló ń jẹ. Epo tó ń mu kò ṣeé sọ, epo náà sì ti wọ́n: kó tó di òpin oṣù Karùn-ún 2023, iye owó tí ìjọba fi sí lítà kan kò tó ₦200, nígbà tí oṣù Keje fi máa parí, ó ti kọjá ₦500.

Ọjọ́ orí ló já owó ọkọ̀ yìí wálẹ̀. Kò já owó ẹ̀yà ara rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú ní pípa, kí ẹ wo ìdúró rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ sì kọ́kọ́ béèrè iye owó rọ́bà afẹ́fẹ́ kan ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, kí ẹ tó ná ọkọ̀.