Owó Ọ̀nà Kì Í Ṣe Owó Ojúbọ

Ẹdẹ jìnnà sí òkun. Odò Ọ̀ṣun tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wa kọjá kò lè gbé ọkọ̀ ńlá. Kò sì sí ẹni tó lè gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó láàárọ̀, kó wá wo ojúbọ Ṣàngó ní Ẹdẹ, kó tún padà wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Síbẹ̀, òwò kan wà ní èbúté àwọn aládùúgbò wa tí kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Àwọn ọkọ̀ òkun afẹ́ tó ń gba etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà máa ń dúró ní Tema, ní Lomé àti ní Kútọnu, lọ́pọ̀ ìgbà fún ọjọ́ kan péré. Àwọn kan nínú èrò ibẹ̀ kì í fẹ́ bá ọ̀pọ̀ èèyàn wọ bọ́ọ̀sì tí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣètò. Láti ilé ni wọ́n ti ń wá afinimọ̀nà tiwọn. Wọ́n á san àsansílẹ̀, wọ́n á ní kó pàdé àwọn lẹ́nu géètì èbúté, kó mú àwọn lọ wo ojúbọ ní Ouidah tàbí mọ́ṣáláṣí ní Àjàṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà ṣe ń bá ọmọ Òṣogbo àti ọmọ Ẹdẹ dúnàádúrà lórí fóònù kí ọdún Ọ̀ṣun inú oṣù kẹjọ tó dé.

Òwò gidi ni, n kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀nà tó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn ín fún ẹlòmíràn yẹ lẹ́ni tó ń gba owó. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni ibi tí ẹ̀tọ́ owó náà parí sí. Owó tí àlejò san ra ọjọ́ kan lọ́wọ́ afinimọ̀nà: ọkọ̀ rẹ̀, epo rẹ̀, ẹnu rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀. Kò ra ojúbọ. Gbogbo ìwà tó ń tini lójú nínú òwò yìí, níbi tí a ti gbàgbé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ti ń yọ jáde, bóyá lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn ni, lọ́dọ̀ àlejò, tàbí lọ́dọ̀ àwòrò pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi àdéhùn wọn ìwà, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọmọlúàbí kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ. Ọkọ̀ òkun ní wákàtí tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé. Bí bọ́ọ̀sì tí àwọn ọlọ́kọ̀ fúnra wọn ṣètò bá pẹ́ lọ́nà, wọ́n sábà máa ń dúró dè é. Ẹni tó bá afinimọ̀nà aládàáni lọ kò ní irú ìrètí bẹ́ẹ̀: bí ó bá pẹ́, ọkọ̀ á ṣí, òun ni yóò sì fi owó ara rẹ̀ wá bí yóò ṣe bá a ní èbúté tó kàn. Láti Kútọnu sí Ouidah tó nǹkan bí ogójì kìlómítà, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Kútọnu kò sì mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Afinimọ̀nà tó mọ èyí, tó tún ya àlejò sí ṣọ́ọ̀bù ìbátan rẹ̀ kí wọ́n lè ra ère kí òun náà lè rí nǹkan jẹ níbẹ̀, ti fi ìrìn àjò ẹni ẹlẹ́ni ta tẹ́tẹ́. Kò sí ẹ̀rín tàbí ìkíni dáadáa tó lè bo irú ìwà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òṣùwọ̀n kan náà ló wà fún àlejò. Àwọn èrò inú ọkọ̀ máa ń kó ara wọn jọ ní mẹ́fà tàbí mẹ́jọ kí wọ́n lè pín owó bọ́ọ̀sì kan san. Ó wá ku ọ̀la, ẹni kan á ní òun kò lọ mọ́, ó ti rẹ òun. Owó tó kan àwọn tó kù á lé sí i, tàbí kí wọ́n ní kí afinimọ̀nà fara mọ́ èyí tó bá rí gbà. Ẹni náà kò jalè, ọlọ́pàá kankan kò sì lè mú un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àjọ ni wọ́n ń dá ní Ẹdẹ, tó yẹra bẹ́ẹ̀ láì san tirẹ̀, a ó mọ orúkọ tí a ó pè é. Ní ti ìgbà tí ìjì bá dé tí ọkọ̀ kò lè yà sí èbúté náà rárá, ẹ̀bi kò sí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ ni pé kí tọ̀tún tòsì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tí àsansílẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ṣáájú kì í di ìjà.

Lẹ́yìn àdéhùn ni òtítọ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó yá a ní ojú tirẹ̀ ló wá di olórí ohun tí yóò rí, agbára ńlá sì nìyẹn lọ́wọ́ afinimọ̀nà. Ẹ wo ọdún Òrìṣàálá ní Ẹdẹ, bí òǹkọ̀wé Ulli Beier ṣe rí i ní àwọn ọdún 1950, tó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1959 lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ ìlú kan ṣoṣo; Ẹdẹ wa yìí ni ìlú náà. Àwòrò méjì, Ajagẹmọ àti Olúnwi, á kojú ara wọn. Olúnwi á borí, á mú Ajagẹmọ lẹ́rú. Tìmì, ọba Ẹdẹ, á wá san owó ìtúsílẹ̀, Ajagẹmọ á sì padà bọ̀ bí aṣẹ́gun, tìlù tijó. Afinimọ̀nà tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè lè sọ fún àlejò pé oyè ni àwọn méjèèjì ń jà dù, pé ẹni tó lágbára jù ló gba ọjọ́ náà. Àlejò á gbà á, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ohun tí ọdún náà ń fi hàn wá gan-an ti sọnù: pé Òrìṣà tí Ajagẹmọ ń ṣojú fún ni wọ́n mú nígbèkùn, tí wọ́n sì fi ìlù gbà padà sílé, pé sùúrù lè gbé ẹni dé ibi tí ipá kò gbé ẹni dé.

Nítorí náà ni mo ṣe ka "n kò mọ̀, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n" sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó níyì jù lẹ́nu afinimọ̀nà. Ó nira láti sọ nígbà tí ẹni tó sanwó bá ń wò ọ́ lójú, torí bí ẹni pé owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ bí èsì ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a bá pa níwájú Ṣàngó kì í ṣe irọ́ kékeré ní ìlú tí ìtàn sọ pé Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá tẹ̀ dó láti dá àwọn tó ń da ọ̀nà láàmú lẹ́kun. Ọmọ Ẹdẹ tó ń ṣe ọ̀nà fún àlejò lónìí jogún iṣẹ́ kan: kí ọ̀nà má ba àlejò lẹ́rù. Kò yẹ kó jẹ́ òun gan-an ni yóò máa dá wọn lọ́nà.

Ẹ̀gàn ni ìwà kẹta tó ń ba òwò yìí jẹ́. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ẹdẹ, Kìrìsìtẹ́nì pọ̀, oníṣẹ̀ṣe náà kò tán. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wa àlejò lọ sí ojúbọ fi lè jẹ́ ẹni tó ń kírun tàbí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí awakọ̀ máa fi àwòrò ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀, kó sọ fún àlejò pé òun kò gba àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọ́, pé àwọn aláìmọ̀kan ló ń bọ wọ́n, kó sì dé ẹnu ọ̀nà kó na ọwọ́ gba ìdá tirẹ̀. Ẹni tó ń jẹun lára ohun tó ń tàbùkù sí, kí ló kù nínú ìwà rẹ̀? A kò ní kó bọ òrìṣà. Ká ní ó dákẹ́, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ìbá tó.

Ìlú wa ní àpẹẹrẹ tó ga ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Tìmì Àbíbù Lágúnjú wà lára àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó jọba ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 sí 1975, jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó mọ ìlù lù dáadáa, ó kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá, ààfin rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́dún ìbílẹ̀. Kò kúrò nínú ẹ̀sìn tirẹ̀, kò sì fi ẹ̀sìn ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Bí ọba tí kò wá owó lọ́wọ́ àlejò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni àwíjàre ẹni tí wọ́n sanwó fún?

Ìwà kẹrin ni gbígbàgbé ẹni tó ni nǹkan. Alárinà ni afinimọ̀nà. Alárinà tó bá gba ìdána fún ara rẹ̀, tó sì ń pàṣẹ fún àwọn òbí ìyàwó, ti ṣi ipò rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣèlérí fún àlejò láti òkèèrè pé "ẹ ó wọ yàrá inú, ẹ ó ya fọ́tò, wọ́n á dáfá fún yín" láì tíì bá àwòrò sọ ohunkóhun. Ó ti ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí àwọn onílé bá kọ̀, àlejò á bínú pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, àwòrò á sì di ẹni burúkú lórí ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí àwòrò náà má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ kàn án. Ní Ouidah, ilé òjòlá tí wọ́n ń bọ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kátólíìkì. Níbẹ̀, wọ́n máa ń gbé òjòlá kọ́ àlejò lọ́rùn kó lè ya fọ́tò. Àwọn onílé ló yọ̀ǹda rẹ̀, àwọn ló sì mọ ibi tí wọ́n pààlà sí láàárín ohun tó wà fún àlejò àti ohun tó wà fún awo. N kò ní fi ti Ẹdẹ dá wọn lẹ́jọ́. Ìdájọ́ mi wà lórí owó òjijì. Àlejò ti san ti ẹnu ọ̀nà. Ó dé ẹsẹ̀ kejì, wọ́n ní owó fọ́tò. Ó dé ẹsẹ̀ kẹta, wọ́n ní owó àgbà. Nígbà tó fẹ́ jáde, ẹni tí kò rí rí ní òun ló ṣílẹ̀kùn. Iye tí a sọ síta gbangba, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: ẹni tí kò bá rọ̀ lọ́rùn á yípadà. Èyí tí a ń yọ lábẹ́ aṣọ díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ilé ìjọsìn di ọjà.

Àwọn kan yóò ní mo le jù, pé ebi ń pa ọmọ ìlú, pé dọ́là ọwọ́ òyìnbó kò ní tán. Mo mọ̀ pé ebi ń pani. Ṣùgbọ́n àlejò tó ń fi owó ara rẹ̀ wá ojúbọ kì í sábà jẹ́ aláfẹ́ lásán. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti Brazil àti Cuba wá, Ṣàngó àti Ọ̀ṣun tí àwọn baba ńlá wọn gbé kọjá òkun nínú ìdè ni wọ́n wá kí. Ẹni tó bá rẹ́ irú wọn jẹ ti rẹ́ ìbátan jẹ. Àwọn mìíràn á ní kí a má gba kọ́bọ̀ níbi mímọ́ rárá. Èyí náà kò tọ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó di ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO ní 2005 ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́, ère amọ̀ ń wó, ọgbà ń bàjẹ́. Ìtọ́jú kì í fi àdúrà nìkan jẹun.

Orúkọ Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, kò lè má wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà láti ilẹ̀ Yúróòpù, Ajagẹmọ ní Ẹdẹ ló sì mú un wọ inú ìmọ̀ òrìṣà, kó tó di pé ó lọ sí Òṣogbo, níbi tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ ti tún igbó Ọ̀ṣun ṣe. Ibẹ̀ ló fi ṣe ilé títí ó fi kú ní 2009. A kò lè ní kí àlejò tó ní wákàtí mẹ́rin dà bí i rẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè ní kó mọ̀ pé wákàtí mẹ́rin ni òun ní. Kó kí onílé kó tó gbé fóònù sókè. Kó bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ní kó bọ́ ọ, kó má ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí fọ́tò, bí wọ́n bá sì ní "ó tó níbí", kó gbà pé ó tó. Owó tó san kò sọ ọ́ di ọmọ awo.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀nà hàn ní Ẹdẹ, kó lọ bá àwòrò kó tó dá àlejò lóhùn. Kó kọ gbogbo owó tí wọ́n máa san sílẹ̀, ti ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti ojúbọ lọ́tọ̀, kí ti ojúbọ sì dé ọwọ́ àwọn tó ni ín lójú àlejò. Kó sọ wákàtí tí yóò dá wọn padà, kó sì ṣe é. Bí àlejò bá ní òun yóò san ìlọ́po méjì kí wọ́n lè ṣí ibi tí wọn kì í ṣí, kó sọ fún un pé kò sí lọ́wọ́ òun, kó sì fi ìlọ́po kejì náà sílẹ̀ lápò ẹni tó ni ín. Yóò pàdánù àwọn oníbàárà kan. Àwọn tó kù ni yóò máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn, ojú kò sì ní tì í láti gba iwájú ojúbọ náà kọjá lọ́jọ́ tí kò mú àlejò kankan dání.