Abẹ́rẹ́ Géèjì Kì í Ṣe Epo

Ẹ̀kọ́ láti inú Ìhìnrere Mátíù, orí 25, ẹsẹ 1 dé 13.

Nínú òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá, ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí gidigidi. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó mú fìtílà lọ́wọ́, fìtílà gbogbo wọn ni ó sì ń tàn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá wò wọ́n láti òkèèrè kì bá tí lè ya ọlọ́gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára aláìgbọ́n. Iná ni ojú ń rí. Epo ni ojú kò rí. Ọ̀gànjọ́ òru ni a tó mọ ẹni tí ó ní epo.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan tí ó wà níwájú wa lójoojúmọ́ ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí, èyíinì ni géèjì epo inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, pàápàá ti ọkọ̀ tí ó ti gbó, irú èyí tí púpọ̀ nínú wa ní Àgbádárìgì ń wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan sì fi ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í rọ epo kún táǹkì mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń rà á, abẹ́rẹ́ sì ń gbé nísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Bí epo bá sì tán lóru láàárín Agbára àti Àgbádárìgì, tàbí lójú ọ̀nà ibodè Sẹ̀mẹ̀, ewu ni fún ẹ̀mí àti fún ohun ìní. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń wí.

Èkíní, ẹlẹ́rìí ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe epo fúnra rẹ̀. Nínú táǹkì, ohun kékeré kan tí ó fúyẹ́ ń léfòó lórí epo, a sì so ó mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí apá. Bí epo ti ń lọ sílẹ̀ ni òun náà ń lọ sílẹ̀, irin náà a sì máa dín iná mànàmáná tí ń lọ sọ́dọ̀ abẹ́rẹ́ kù tàbí kí ó fi kún un. Nínú ọkọ̀ titun, ẹ̀rí náà sún mọ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibi tí irin náà ń fara rà a máa jẹ. Ohun tí ń léfòó lè lu, kí epo wọ inú rẹ̀, kí ó sì rì. Nígbà náà táǹkì lè kún, kí abẹ́rẹ́ sì máa wí pé òfìfo ni. Àní nínú ọkọ̀ tí kò lábùkù pàápàá, táǹkì kì í ṣe àpótí onígun mẹ́rin; ó ní ibi tí ó gbòòrò àti ibi tí ó há. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ fi máa ń pẹ́ lórí ẹ̀kún, tí ó sì máa ń sáré wálẹ̀ lẹ́yìn ìdajì. Bí a bá sì gbé ọkọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, epo a ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, abẹ́rẹ́ a sì jẹ́rìí èké láìmọ̀.

Báyìí ni ó rí pẹ̀lú àwọn àmì ìsìn wa. Orúkọ nínú ìwé ìjọ, aṣọ funfun ọjọ́ ìsinmi, oyè nínú ẹgbẹ́: abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn. Ó dára kí a ní wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró lórí ẹ̀kún nígbà tí ìfẹ́ àti àdúrà ti gbẹ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni opó kan lè wà tí kò rí aṣọ wọ̀ wá sí ilé Ọlọ́run, tí a sì rò pé òfìfo ni, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kún dé ẹnu.

Èkejì, ọ̀nà àná kì í ṣe ọ̀nà ọ̀la. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ní òǹkà tí ń sọ iye kìlómítà tí epo tí ó kù lè gbé wa dé. Báwo ni ó ṣe mọ̀? Ó wo bí ọkọ̀ ti jẹ epo sí nínú ìrìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó sì fi èyí díwọ̀n epo tí ó kù. Ẹni tí ọ̀nà dán fún láti Àgbádárìgì dé Agbára lè rí 90 kìlómítà lójú òǹkà. Ṣùgbọ́n kí ó bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Okokomaiko, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ kí táyà má yí, iye náà yóò wálẹ̀ kánkán ju ọ̀nà tí ó rìn lọ. Òǹkà kò purọ́. Ọ̀nà ni ó yí padà.

Ilẹ̀ Àgbádárìgì yìí ti rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1842 ni Henry Townsend gúnlẹ̀ síhìn-ín. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ó ti dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, òun àti Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther tún dé, wọ́n sì ń retí àtikọjá lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni a fi dá wọn dúró, kí ọ̀nà tó là ní ọdún 1846. Wọn kò kawọ́ gbera. Wọ́n wàásù, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó bá di ẹrù ìrìn ọjọ́ mẹ́ta nìkan, kí ni yóò ṣe bí ìdádúró bá di ọdún kan? Àwọn wúńdíá aláìgbọ́n kò rò ó pé ọkọ ìyàwó lè pẹ́.

Ẹ̀kẹta, epo ìpamọ́ kì í ṣe epo ìrìn. Àwọn àgbà nínú wa rántí ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí gan-an, ní ọdún 1975. Àwọn ìjàpá tí a ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ṣáájú ọdún 1961 kò ní géèjì rárá. Ohun kékeré kan tí a ń yí ni ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, awakọ̀ a yí i, nǹkan bí 5 lítà tí ó wà ní ìpamọ́ a sì ṣàn wá. Àánú ni èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rọ epo tán tí ó gbàgbé láti yí i padà, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tún wúkọ́, kò sí ìpamọ́ mọ́.

Lónìí, iná kékeré ni ó ń kìlọ̀, ọ̀pọ̀ sì ti bá iná náà dọ́rẹ̀ẹ́. Wọn kò mọ̀ pé, nínú púpọ̀ àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí, epo inú táǹkì ni ó ń tu ẹ̀rọ tí ń fa epo lára, àti pé àìtó epo nígbà gbogbo a máa mú kí ó gbóná kí ó sì tètè bàjẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ará, ìpamọ́ra Ọlọ́run ni epo ìpamọ́ wa. A fi í fún wa kí a lè dé ibi ìrònúpìwàdà. Kì í ṣe kí a máa fi í ṣeré káàkiri.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ní ti ọkọ̀, rọ epo kún lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kọ iye kìlómítà sílẹ̀. Wa ọkọ̀ bí o ti ń wà á, tún rọ epo kún, kí o sì pín ọ̀nà tí o rìn pẹ̀lú iye lítà tí ó gbà. Bí 180 kìlómítà bá gba 20 lítà, 9 kìlómítà ni lítà kan ń gbé ọ. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o sì di èyí tí ó kéré jù mú. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́rin, kà á sí òfìfo. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́yìn ọkọ̀, nítorí ó lè gbiná.

Ní ti ọkàn, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wọ̀n ọ́n. Ta ni mo dárí jì ní oṣù yìí? Àdúrà wo ni mo gbà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí mi? Bí epo ọkọ̀ bá tán, aládùúgbò lè fún wa nínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n epo inú òwe yìí, àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá kò lè pín in fún ẹnìkejì wọn. Ẹ lọ rà á nígbà tí ọjà ṣì ń ná.

Kí Olúwa tí ó mọ ìsàlẹ̀ ọkàn kún wa fún Ẹ̀mí rẹ̀, kí fìtílà wa má ṣe kú kí ó tó dé. Àmín.